Ìyẹ́ Ló Ń Darí Ọfà: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ọfà Ọdẹ Yín Nílé

Ìdí ni iṣẹ́ ọfà wà. Bí alágbẹ̀dẹ bá lu orí rẹ̀ dáadáa, tí igi rẹ̀ sì gún régé, bí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ bá ti wọ́, ọfà náà yóò máa ju ìdí lójú òfúrufú, ibi tó bá wù ú ni yóò sì gbà lọ. Ẹran tí irú ọfà bẹ́ẹ̀ bá bà kì í kú síbi tí wọ́n ti ta á. Á gbé ọgbẹ́ wọgbó lọ, á máa jẹ̀rora, ọdẹ ò sì ní rí i mọ́. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí ẹran kankan torí pé ẹnì kan kánjú lẹ ìyẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ọrun, tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n ta, tó jẹ́ pé ọfà tí ẹlòmíràn ṣe lẹ ń rà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Káfíńtà ni mí, Àdàtán ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí l'Ábẹ́òkúta. Ìbọn ni bàbá mi fi ṣọdẹ. Ọrun lèmi yàn, torí pé dandan ni kí n súnmọ́ ẹran kí n tó lè ta á, kí n rí i dáadáa, kí n mọ̀ bóyá ó yẹ kí n pa á tàbí kí n jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi létí ni pé a kì í ṣe ọfà kan ṣoṣo. Mẹ́fà là ń ṣe pa pọ̀, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jọra wọn: gígùn wọn, ìwọ̀n wọn, líle wọn, ìyẹ́ wọn. Ọwọ́ lè mọ ìwà ọfà tó bá ń ṣe déédéé. Mẹ́fà tí olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí ọwọ́ tó lè mọ̀ ọ́n.

Ìyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń pọ̀. Ti tòlótòló ni mo ń lò. Ìyẹ́ apá rẹ̀ gùn, ó le, bí nǹkan bá sì tẹ̀ ẹ́, ó máa ń dìde padà. Ti adìyẹ ti rọ̀ jù, ti pẹ́pẹ́yẹ sì kúrú fún ọfà ọdẹ. Àsìkò Kérésìmesì sí ọdún tuntun ni wọ́n ń pa tòlótòló jù nílùú wa. Ẹni tó bá tètè dé Lafẹ́nwá tàbí Kútọ̀ láàárọ̀ lásìkò yẹn á rí ìyẹ́ tó máa lò títí ọdún á fi yípo, torí pé dídà ni wọ́n máa ń da á nù. Ohun tẹ́ ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fa ìyẹ́ apá kí wọ́n tó da omi gbígbóná sí ẹyẹ náà lára, torí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí irun ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ra.

Ìyá kan tó ń ta tòlótòló bi mí lọ́dún kan pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹ́ ṣe, Bàbá?"

Mo ní, "Ọfà ni, Ìyá. Ọfà ọdẹ."

"Ọfà? Ẹ̀yin tún ń ta ọfà láyé yìí?" Ó wá yíjú sí ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́: "Kó gbogbo apá yẹn fún Bàbá, má dà á nù mọ́ o." Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bá mi fi í pa mọ́.

Àwọn àgbà ọdẹ kan á sọ fún yín pé ìyẹ́ igún ló dáa jù. Ẹ má wá igún lọ. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Bẹ́ẹ̀ la bá a lẹ́nu àwọn tó bí wa. Igún tó jẹ́ pé ibi ìpẹran ló máa ń kóra jọ sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti wá di ohun tí ojú ń wá. Láti 2015 ni àjọ IUCN, tó ń ṣàkójọ àwọn ẹ̀dá tó ń tán lọ láyé, ti kà á mọ́ àwọn tí ìparun wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Tòlótòló tó wa.

Ẹ mú àpò náílọ̀nù méjì dání lọ sọ́jà. Ìyẹ́ apá òsì, ẹ kó o sínú ọ̀kan, ti apá ọ̀tún, ẹ kó o sínú èkejì, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sí wọn lára lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dún létí lọ. Ìyẹ́ apá òsì tẹ̀ síbì kan, ti apá ọ̀tún tẹ̀ sódìkejì. Ìyẹ́ máa ń mú kí ọfà yí bó ṣe ń lọ, yíyí yẹn ló sì ń mú un dúró lójú ọ̀nà kan. Tẹ́ ẹ bá pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ sára ọfà kan, ọ̀kan á fẹ́ yí i síhìn-ín, èkejì á fẹ́ yí i sọ́hùn-ún, ọfà náà á sì dojú rú. Òsì ni o, ọ̀tún ni o, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ òsì lẹ fi ń fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun. Kí wọ́n ṣáà má ti dàpọ̀.

Àwọn mẹ́wàá tó gùn jù lọ, tí wọ́n wà lápá ìparí, la fẹ́ lára apá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ mẹ́ta ni ọfà kan ń gbà, nítorí náà apá kan á tó ọfà mẹ́ta. Bí ìyẹ́ náà bá gùn débi tẹ́ ẹ fi lè gé e sí méjì, apá kan ṣoṣo á tó mẹ́fà, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi jù. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ ṣàn wọ́n, kẹ́ ẹ wá tẹ́ wọn síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lábẹ́ ìbòòji. Èyí tó bá wú tàbí tó bá ká, ẹ gbé kẹ́tù kaná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí oru omi tó ń hó fẹ́ sí i díẹ̀. Ẹ ó fojú ara yín rí i bí irun rẹ̀ á ṣe máa nà padà.

Ní báyìí, ẹ mú ìyẹ́ kan. Egungun àárín pín in sí ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan tín-ín-rín, èkejì fẹ̀. Èyí tó fẹ̀ la fẹ́. Ẹ dojú ìyẹ́ náà bolẹ̀ lórí pákó, ẹ ó rí ojú ìlà kan tó gba abẹ́ egungun náà kọjá. Ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ fi bíléèdì tuntun tẹ̀ lé, láti ṣóńṣó orí ìyẹ́ wá sí ibi tó nípọn, títí egungun á fi là sí méjì. Àwọn kan máa ń fọwọ́ bó o, ó sì yá ju bíléèdì lọ, àmọ́ awọ tó bá a bọ́ ti fẹ́lẹ́ jù lójú tèmi. Ìyẹ́ tó dúró lórí awọ bẹ́ẹ̀ á máa dùbúlẹ̀ bí nǹkan bá fara kàn án.

Inú egungun tẹ́ ẹ là yẹn, ẹ ó rí nǹkan funfun tó rọ̀. Gbogbo ìyẹn ni kẹ́ ẹ rin kúrò. Ẹ fi irin rúlà méjì há ìyẹ́ náà láàárín, kó jẹ́ pé egungun nìkan ló yọ síta, kẹ́ ẹ wá máa fi í gbo sáńpépà 120 tẹ́ ẹ tẹ́ sórí pákó pẹrẹsẹ. Kí egungun náà tẹ́jú láti orí dé ìdí, kó sì fẹ́lẹ́ tó mìlímítà kan. Ẹ gbé e dúró sórí tábìlì: bó bá dúró láìwọ́, ó ti tó. Bó bá ń wọ́, ẹ tún gbo ó. Iṣẹ́ yìí máa ń sú àwọn ọmọ iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni mo ti ń mọ ẹni tó máa di oníṣẹ́. Gọ́ọ̀mù kò lè tún egungun tí kò tẹ́jú ṣe.

Ìǹṣì 5 ni mo ń gé ìyẹ́ sí fún ọfà ọdẹ. Àwọn tó ń fi ọfà ṣeré ìdárayá lè lo èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí orí ọfà tiwọn kò ní abẹ. Orí ọfà ọdẹ fẹ̀, ó ní abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, atẹ́gùn sì máa ń gbá abẹ yẹn mú, á fẹ́ máa darí ọfà láti iwájú. Ìyẹ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ lágbára jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìyẹ́ díẹ̀ ká sọ̀rọ̀ igi. Ọparun ni mo ń lò, èyí tó ti lò tó ọdún mẹ́ta ó kéré tán, tí mo bẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọparun tí wọ́n bẹ́ nígbà òjò, omi àti oúnjẹ inú rẹ̀ pọ̀, kòkòrò á sì tètè jẹ ẹ́. Ẹ là á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa lábẹ́ òrùlé fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó wá gé e sí ọ̀já onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní mìlímítà 10. Ẹ̀yìn ọparun, níbi tó ti ń dán, ni okùn rẹ̀ ti ki jù, nítorí náà inú ni kẹ́ ẹ ti fi ìfági fá èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ sì dá ẹ̀yìn sí bẹ́ ẹ bá ṣe lè dá a sí tó. Láti onígun mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ di onígun mẹ́jọ, láti ibẹ̀ ẹ sọ ọ́ di róbótó. Mo ní pẹlẹbẹ irin kan tí mo lu ihò mìlímítà 9 àti 8 sí. Mo máa ń fa igi gba inú ihò ńlá kọjá, lẹ́yìn náà inú kékeré, kí n tó fi sáńpépà 120 àti 220 parí rẹ̀. Ibi kókó ọparun, ẹ fá a kó tẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ara igi.

Kò sí igi tó máa gún tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ibi tó bá wọ́ sókè iná ẹ̀yinná, kó gbóná àmọ́ kó má dúdú, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó dé díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dì í mú títí á fi tutù. Ẹ fojú kan wò ó láti ìdí bí ẹni ń wo ẹnu ìbọn. Bí ẹ bá fẹ́ lo igi gidi dípò ọparun, ẹ wá èyí tí okùn inú rẹ̀ lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi tí okùn rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ jáde á ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹni tó dì í mú nígbà yẹn ló sì máa gún lọ́wọ́.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ọ̀pá gígùn kan sórí ọsán, ẹ fà á dé ibi tẹ́ ẹ máa ń fà á dé, kí ẹnì kan fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí i níbi tó ti kúrò níwájú ọrun. Ẹ fi ìǹṣì kan kún un. Ẹ rọra dá ọsán padà o, ẹ má jù ú sílẹ̀.

Líle igi ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọ̀n, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu bí ọfà ṣe ń kọjá lára ọrun. Bẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀, ọfà kì í lọ tààrà. Á tẹ̀, á yí ara ọrun ká, á sì nà padà. Èyí tó bá le jù kò ní tẹ̀ tó, èyí tó bá rọ̀ jù á tẹ̀ kọjá àlà. Ẹ kan ìṣó méjì mọ́ ògiri, kí ààlà wọn jẹ́ ìǹṣì 26. Ẹ gbé igi lé wọn, kẹ́ ẹ so ohun tó wọn pọ́ùn 2, ìyẹn gíráàmù 907, kọ́ àárín rẹ̀. Ike omi tẹ́ ẹ wọ̀n lórí ìwọ̀n dáadáa á ṣe é. Ẹ wọn bí àárín igi ṣe lọ sílẹ̀ tó. Bẹ́ ẹ bá fi iye ìǹṣì tó lọ sílẹ̀ pín 26, iye pọ́ùn ọrun, ìyẹn bó ṣe le tó láti fà, tí igi náà bá mu ló máa jáde. Ọrun tèmi jẹ́ pọ́ùn 45, nítorí náà igi mi gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní ìǹṣì 0.58, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 15. Èyí tó bá le jù, ẹ tún fi sáńpépà gbo ó díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ jù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọdé tó ní ọrun kékeré. Láàárín mẹ́fà, kí ìyàtọ̀ wọn má ju mìlímítà kan.

Ẹ̀là ìdí ọfà, níbi tí ọsán ń wọ̀, ẹ fi ayùn tín-ín-rín gé e kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Kí ẹ̀là náà dábùú ìlà okùn ọparun, kó má tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọsán á la igi sí méjì. Ẹ fi sáńpépà tẹ́ ẹ ká pọ̀ dán inú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ́ ọfà sórí ọsán, kó lè dá dúró níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ìka ta ọsán pẹ́nrẹ́n, kó jábọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú ránṣọ ká ìsàlẹ̀ ẹ̀là náà yípo-yípo, kẹ́ ẹ sì fi gọ́ọ̀mù pa á.

Ó wá ku lílẹ̀ ìyẹ́, tó jẹ́ pé òun ni mo gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí ẹ̀rọ ayùn àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́.

Ìyẹ́ kan láàárín mẹ́ta ló jẹ́ olórí. Òun ni yóò kọ ojú sóde, kúrò lára ọrun, kí àwọn méjì yòókù lè gba ẹ̀gbẹ́ ọrun kọjá láìsí wàhálà. Ibi tí olórí máa dúró ni ibi tó dábùú ẹ̀là ìdí ọfà. Kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ lójú òkùnkùn ìdájí. Mo máa ń fi ìyẹ́ dúdú ti tòlótòló ìbílẹ̀ ṣe olórí, tí mo sì ń fi funfun ṣe àwọn méjì. Kó ṣáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ apá kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn rí pé kí n gbé ìyẹ́ funfun lọ fún àwọn aláró ní Ìtòkú kí wọ́n bá mi pa á láró. Mo fẹ́ràn àdìrẹ wa dénú, àmọ́ kọ́sítíìkì sódà wà nínú aró tí wọ́n ń lò lóde òní, kọ́sítíìkì sì máa ń jẹ irun àti ìyẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá rí ìyẹ́ dúdú, ẹ fi máákà kun ọ̀kan.

Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi yí igi ká lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sàmì síbi tí etí rẹ̀ ti pàdé. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ pín gígùn náà sí mẹ́ta. Igi mìlímítà 8 ní àyíká tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 25, nítorí náà ààyè mìlímítà 8 àti díẹ̀ ló wà láàárín ìyẹ́ kan sí èkejì. Ẹ fi bébà yẹn ká igi padà, kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì mẹ́ta, kí àkọ́kọ́ bọ́ sí ibi olórí. Ìdí ìyẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀là tó ìǹṣì kan, kí ìka yín lè ráyè. Ẹ tún sàmì mẹ́ta mìíràn níbi tí orí ìyẹ́ máa dé, àmọ́ ẹ sún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní mìlímítà 2 sí 3, kí ìyẹ́ lè dúró pẹ̀lú ìtẹ̀sí díẹ̀. Bí ìyẹ́ ṣe tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má bá a jà. Ibi tó nípọn lára egungun ló ń kọjú sí orí ọfà, kí irun rẹ̀ lè máa sùn sẹ́yìn sápá ọsán. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ ní ìdàkejì, atẹ́gùn á tú u palẹ̀ kí ọfà tó dé ibi tó ń lọ.

Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun tí àwa káfíńtà ń lò, ni mo fẹ́ràn. Kò kánjú gbẹ, nítorí náà ẹ ṣì lè sún ìyẹ́ kó dúró dáadáa. Súpàglú yá jù. Bó bá ti gbá ìyẹ́ mú síbi tí kò yẹ, ó parí. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ egungun ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú so orí wọn mọ́ igi, níbi tẹ́ ẹ ti gé irun kúrò lára egungun ní sẹ̀ǹtímítà kan. Lẹ́yìn náà ẹ máa yí igi náà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa darí òwú lọ sẹ́yìn gba àárín irun ìyẹ́ kọjá, kí ààyè mìlímítà 5 wà láàárín ìyípo kan sí èkejì. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ya irun sọ́tùn-ún sósì kí òwú tó wọlé, kí irun má baà ká sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ìdí, ẹ so ó pa. Ẹ wá gbé ọfà dúró, kẹ́ ẹ wo ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ẹ̀yìn: ṣé ààlà wọn dọ́gba? Ṣé ìtẹ̀sí wọn jọra? Ìsinsìnyí lẹ ṣì lè fi ìka ti ọ̀kan. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà òjò, ẹ fi ọjọ́ kan sí i.

Apó ọfà kì í gba ìyẹ́ tó ga jù. Ẹ gé páálí ní ìrísí tẹ́ ẹ fẹ́, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ níbi ìdí, kó sì máa rẹlẹ̀ bọ̀ títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú. Páálí kan náà ni kẹ́ ẹ fi gé gbogbo ìyẹ́ méjìdínlógún pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tó mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orí egungun níwájú. Bó bá ga tàbí tó bá mú, ó lè ya ọwọ́ yín bí ọfà ṣe ń kọjá lórí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì ṣe kékeré. Ẹ rin ín títí á fi dà bí òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀, ẹ fi òwú bò ó, kẹ́ ẹ wá fi fáníìṣì pa gbogbo òwú àti igi. Top Bond máa ń rọ̀ bí omi bá wọ̀ ọ́. Fáníìṣì yẹn ló ń dáàbò bò ó.

Orí ọfà, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Ẹ sọ fún Bàbá alágbẹ̀dẹ pé kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọn bákan náà, nǹkan bíi gíráàmù 8 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìrù irin rẹ̀ gùn tó láti wọ inú igi. Gọ́ọ̀mù Araldite ni mo fi ń mú un, mo sì ń fi òwú ká ẹnu igi kó má là. Ẹ pọ́n ọn títí á fi lè fá irun apá yín. Fún ọrun pọ́ùn 45, kí ọfà tó ti parí wọn tó gíráàmù 29, kí ìyàtọ̀ láàárín mẹ́fà má sì ju gíráàmù kan. Ní ti oró tí àwọn ará àtijọ́ ń fi sí orí ọfà, èmi kì í lò ó, mi ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni. Oró tó lè dá ọkàn ẹran dúró lè dá ti ọmọ tó bá fọwọ́ kan apó dúró. Orí tó mú, tó bá lọ sí ibi tó yẹ, ti tó.

Ẹ tó gbé wọn lọ sóko ọdẹ, ẹ dán wọn wò. Mo ki akísà ọ̀kirìkà kún àpò ìrẹsì méjì, mo gbé wọn ti ògiri ilẹ̀ tó ga lẹ́yìn oko ọ̀rẹ́ mi kan lọ́nà Ọdẹ́dá. Àárín ilé kọ́ ni wọ́n ti ń dán irú èyí wò. Abẹ́òkúta ti kún. Ẹ fi ọfà kan tí kò ní ìyẹ́ kún àwọn tó ní, kẹ́ ẹ lo orí tí kò ní abẹ, kẹ́ ẹ sì dúró ní mítà 10. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán: bí èyí tí kò ní ìyẹ́ bá bọ́ sápá òsì àwọn yòókù, igi yín le jù; bó bá bọ́ sápá ọ̀tún, ó rọ̀ jù. Orí tó wúwo sí i á mú kí igi tó le jù tẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí tó rọ̀ jù, ẹ gé e kúrú díẹ̀, bí fífà yín bá ṣì gbà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí èyí bá tọ́ ni kẹ́ ẹ wá fi orí abẹ ta á.

Ẹ má ta ọfà sókè láé. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà nípa ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí. Nínú igbó, mítà 15 sí 20 ni mo ń ta ẹran mọ, bó ti wù kí ọwọ́ mi dá mi lójú tó. Ọ̀yà, ehoro, ẹtu, àparò, ìwọ̀nyí pọ̀ tó. Akíka, ẹ fi í sílẹ̀: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 lórí ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n dáàbò bò ó, ó sì ń tán lọ nínú igbó wa lóòótọ́. Igbó ọba náà, bí Arákàńgà níbí, kì í ṣe ibi tí ọdẹ ń wọ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ tọ́jú àwọn ọfà yín sínú àpótí tó dé, kẹ́ ẹ fi káńfọ̀ méjì sí i, torí kòkòrò fẹ́ràn ìyẹ́. Ẹ gbé wọn dùbúlẹ̀ lórí ohun tó tẹ́jú, ẹ má fi wọ́n ti ògiri, wọ́n á wọ́. Bí òjò bá pa ìyẹ́, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún gbé e sórí oru kẹ́tù bíi ti ìṣáájú. Kẹ́ ẹ tó kọ́ ọfà kankan sórí ọsán, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́bàá etí yín, kẹ́ ẹ máa yí i. Èyí tó bá dún wẹ́rẹ́, ó ti sán nínú. Ẹ yọ orí rẹ̀ fún ọfà mìíràn, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ igi náà sí méjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gbé e ta.